Irin ìwọ̀n àti agolo ìdánwò: ohun tí iṣẹ́ fi kọ́ mi nípa òdiwọ̀n tí a fi ń yẹ òṣùwọ̀n ọlọ́jà wò

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá fẹ́ ra irin ìwọ̀n ni pé: sìkéèlì wo lẹ fẹ́ fi yẹ̀ wò? Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra irin tó ń dán, tàbí èyí tó pọ̀ jù lọ tówó wọn ká, kí wọ́n tó máa wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Irin tó yẹ sìkéèlì oníkòkó kò lè dá oníwúrà lóhùn. Èyí tó yẹ oníwúrà, owó ńlá ni, ọjà oníkòkó yóò sì bà á jẹ́ láìpẹ́.

Òdiwọ̀n ni mo máa pe ohunkóhun tí a mọ iye rẹ̀ dájú, tí a fi ń yẹ òṣùwọ̀n mìíràn wò: irin ìwọ̀n, agolo ìdánwò ilé epo, ọ̀pá irin fún aṣọ. Kò sí èyí tí kò ní àṣìṣe tirẹ̀ nínú wọn. Ohun tí a ń wá ni kí àṣìṣe òdiwọ̀n kéré débi tí kò fi ní da ìdájọ́ wa rú. OIML, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìwọ̀n lábẹ́ òfin, ti fún wa ní ìlànà kan tó rọrùn láti rántí: àṣìṣe irin ìwọ̀n kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́ta àṣìṣe tí a gbà láàyè fún sìkéèlì náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí sìkéèlì alápatà tàbí ti ẹlẹ́ja tútù, èyí tó ń gbé kílò 15, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀, ìyẹn iye tó kéré jù tí nọ́ńbà rẹ̀ fi ń yí, jẹ́ gíráàmù 5. Ìpele III, ti ọjà lásán, ni irú rẹ̀. Láti òdo títí dé ìṣísẹ̀ 500, a gba àṣìṣe ìdajì ìṣísẹ̀. Láti 500 dé 2,000, a gba ìṣísẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn títí dé 10,000, ìṣísẹ̀ kan àbọ̀. Nítorí náà, títí dé kílò 2.5, gíráàmù 2.5 ni a gbà. Títí dé kílò 10, gíráàmù 5. Ní kílò 15, gíráàmù 7.5. Ti àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nìyẹn. Tí sìkéèlì bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń gba ìlọ́po méjì rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó le ni mo máa ń fi yan irin.

Ìdámẹ́ta gíráàmù 7.5 jẹ́ gíráàmù 2.5. Ẹ wá wo irin onikílò 10 àti onikílò 5 tí a máa gbé lé e pọ̀. OIML pín irin sí irú: nínú M1, M2 àti M3, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni àṣìṣe tí a gbà ń pọ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ irú M1, àṣìṣe wọn jẹ́ gíráàmù 0.5 àti 0.25, àpapọ̀ 0.75: ó dára gan-an. Tí wọ́n bá jẹ́ M2, 1.6 àti 0.8 ni, àpapọ̀ 2.4: ó wọlé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó má wọlé, ìpẹtà kékeré kan yóò sì tì í jáde. M3 jẹ́ 5 àti 2.5, àpapọ̀ 7.5. Àṣìṣe irin fúnra rẹ̀ ti tó gbogbo ohun tí a gbà fún sìkéèlì. Ẹni tó bá fi M3 dá sìkéèlì yìí lẹ́bi lè máa dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, M3 ló pọ̀ jù nílẹ̀, nítorí pé òun ni kò wọ́n.

Sìkéèlì oníkòkó tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 100 kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní kílò 60, ìṣísẹ̀ 600 nìyẹn, a sì gba gíráàmù 100. Ìdámẹ́ta rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 33. Irin onikílò 20 mẹ́ta ti irú M2 kò ní ju gíráàmù 9 lọ. Ẹ má wulẹ̀ náwó sórí M1 níbẹ̀. Ti oníwúrà ló gba ìṣọ́ra. Sìkéèlì ìpele II, èyí tó péye ju ìpele III lọ, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlígíráàmù 10 kò gbọdọ̀ ṣìnà ju mìlígíráàmù 5 lọ ní gíráàmù 50. Ìdámẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 1.67. Irin M1 onígíráàmù 50 lè ṣìnà tó mìlígíráàmù 3, nítorí náà kò wúlò níbẹ̀. F2, irú tó péye ju àwọn M lọ, tí tirẹ̀ jẹ́ mìlígíráàmù 1, wọlé. Èmi máa ń ní kí wọ́n ra F1, tí tirẹ̀ jẹ́ 0.3, torí pé wúrà kì í dárí ji àṣìṣe kékeré, ọwọ́ ènìyàn sì máa ń fi kún àṣìṣe irin bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í rò tì ni pé irin gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹrù ń dé. Ẹ wo ẹni tó ń ta gáàsì ìdáná. Sílíńdà onikílò 12.5 ní ìwúwo tirẹ̀ lófìfo, tí gáàsì bá sì ti kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí sìkéèlì lè sún mọ́ kílò 27. Àmọ́ irin onikílò 10 kan ṣoṣo ni ẹ máa bá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Sìkéèlì lè péye ní kílò 10 kó sì ti máa tẹ̀ sápá kan ní 25. Irin tó pé kílò 30 ni iṣẹ́ gáàsì ń fẹ́.

Lẹ́yìn pé a ti yan irú irin, ìwé ẹ̀rí ló kàn. Káàdì tí oníṣòwò fi sínú àpótí, tó kọ “M1” sí, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí gidi máa ń kọ nọ́ńbà tó wà lára irin kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n rí gan-an, bí iye yẹn ṣe lè yẹ̀ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ tó, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti òdiwọ̀n tí àwọn náà fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà yẹn yẹ kó gba ọ̀dọ̀ National Metrology Institute ti SON (Standards Organisation of Nigeria) tó wà ní Enugu kọjá, tàbí ilé àyẹ̀wò tó lè fi hàn pé òun so mọ́ irú ibẹ̀. Apá “bó ṣe lè yẹ̀ tó” ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fún irin M1 onikílò 20, tí àṣìṣe tí a gbà jẹ́ gíráàmù 1, iye tí ìwé sọ pé ó lè fi yẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 0.33 lọ. Tí ìwé bá kọ gíráàmù 0.8, àwọn tó wọ̀n ọ́n kò ní ohun èlò tó lè sọ bóyá M1 ni tàbí kì í ṣe M1.

Ó tún yẹ kí ọlọ́jà mọ̀ pé irin tirẹ̀, bó ti wù kó péye tó, kò gba ipò òǹtẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Weights and Measures ti ìjọba. Fún ìṣọ́ra ara ẹni ni, kó lè mọ̀ kí aláyẹ̀wò tó dé.

Ìtọ́jú ló wá ṣòro jù. Kódà irin kílò tó jẹ́ bàbá gbogbo wọn, tó wà lábẹ́ ìgò ní Sèvres lẹ́bàá Paris, tí ó di ìpìlẹ̀ kílò àgbáyé ní 1889, òun àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ ti yàtọ̀ síra tó nǹkan bíi máíkírógíráàmù 50 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọwọ́ lásán kì í kàn án o. Ìyàtọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n yọ irin kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, tí wọ́n sì so kílò mọ́ iye Planck, nọ́ńbà ìmọ̀ ẹ̀dá kan tí kì í yí padà. Tiwa, inú búùtù ọkọ̀ ló ń gùn lọ sí ọjà.

Irin dídà onikílò 20 ni ẹ máa rí jù. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ihò kékeré kan tí wọ́n fi òjé dí. Inú ihò yẹn ni wọ́n ti fi ọta wẹ́wẹ́ tún ìwúwo rẹ̀ ṣe, òǹtẹ̀ sì máa ń wà lórí òjé náà. Tí òjé bá ń mì, tí ó là, tàbí tí ẹnìkan ti fi ìṣó gbẹ́ ẹ, irin náà kì í ṣe òdiwọ̀n mọ́ títí wọn yóò fi tún un wọ̀n. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ìka kàn. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà. Ọ̀dà tó bó lára etí irin mú ìwúwo lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀dà tuntun kùn ún kó lè rẹwà ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀. Ìpele ọ̀dà kan ṣoṣo lára irin onikílò 20 lè fi ju gíráàmù 5 lọ kún un, gíráàmù 1 péré sì ni M1 gbà. Ẹ má kun òdiwọ̀n lọ́dà láé, àfi tí ilé àyẹ̀wò bá máa tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Òróró tí àwọn kan fi ń pa á kó má bàa dípẹtà, bákan náà ni: ó ń kó eruku jọ, ìwúwo sì ń gorí ìwúwo.

Irin tí kì í dípẹtà, ìyẹn F1 àti F2, ọwọ́ òfìfo kò gbọdọ̀ kàn án. Òógùn ọwọ́ ní iyọ̀ àti ọ̀rá nínú. Ó máa ń fi àmì sílẹ̀ tí aṣọ kò lè nù kúrò. Ìbọ̀wọ́, tàbí èmú tí wọ́n fi rọ́bà bo ẹnu rẹ̀, ni ká lò. Ẹ gbé irin, ẹ má wọ́ ọ lórí àwo sìkéèlì, ẹ má sì fi irin gun irin àfi irú tí wọ́n ṣe fún un. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku. Tó bá di dandan kí a fi ọtí nù ún, F1 yóò ní láti sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì kó tó ṣeé lò. F2 àti irú M, wákàtí kan tó. Ẹ má sì nù ún kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bó ṣe wà, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Bí a bá ti fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, a kò lè mọ̀ mọ́ bóyá àwọn sìkéèlì tí a ti fi yẹ̀ wò látẹ̀yìn wá gba ìdájọ́ òdodo.

Ojú ọjọ́ wa ní ọ̀tá tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku tín-ín-tìn-ìn ló ń wọ inú àpótí, kódà tó bá wà ní títì. Nígbà òjò, irin tó ti inú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù jáde sí ìta gbangba máa ń ṣẹ ìrì sára lójú ẹsẹ̀. Omi yẹn ní ìwúwo, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ìpẹtà. Ẹ má ṣí àpótí títí ooru irin àti ti ibi tí ẹ wà yóò fi dọ́gba. Fún àwọn irin ńlá, kí wọ́n sùn mọ́jú níbi iṣẹ́ ló dára jù.

Lílo irin ìwọ̀n lórí sìkéèlì alámì iná, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, kò le, ṣùgbọ́n ètò ṣe kókó. Ẹ tan sìkéèlì sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ wo omi ìdọ́gba ara rẹ̀, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí gúlúgúlú afẹ́fẹ́ inú omi náà yóò fi wà láàárín. Ẹ pa fáànù, ẹ kúrò lójú oòrùn. Ẹ gbé ẹrù tó sún mọ́ èyí tó pọ̀ jù lé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ dá a padà sí òdo. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n àkọ́kọ́ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ máa gòkè láti kékeré sí ńlá, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ padà. Fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwo, ìdámẹ́ta ẹrù tó pọ̀ jù ni ẹ ó gbé sí igun kọ̀ọ̀kan: kílò 5 lórí sìkéèlì onikílò 15. Igun ni ọ̀pọ̀ sìkéèlì ọjà ti ń já, nítorí àwo tó ti tẹ̀ tàbí ẹran dídì tí wọ́n ń sọ lù ú.

Àmì iná sì ń fi nǹkan pamọ́. Tí sìkéèlì onikílò 15 yẹn bá kọ kílò 5.000, ohun tó wà lórí rẹ̀ lè jẹ́ ibikíbi láàárín gíráàmù 4,997.5 àti 5,002.5. Láti mọ àṣìṣe gan-an, ẹ ní irin kéékèèké onígíráàmù 0.5 lọ́wọ́, ìyẹn ìdákan nínú mẹ́wàá ìṣísẹ̀. Ẹ gbé kílò 5 lé e, ẹ máa fi irin kékeré kún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yí sí 5.005. Tó bá yí lẹ́yìn gíráàmù 1.5, ẹ yọ 1.5 kúrò nínú ìdajì ìṣísẹ̀, 2.5: sìkéèlì fi gíráàmù 1 kún ẹrù. Tó bá tó gíráàmù 4 kó tó yí, ó dín ẹrù kù ní gíráàmù 1.5. Irin kéékèèké yẹn kò wọ́n, ó sì máa ń parí àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ sìkéèlì tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kó ẹrù wọlé gbọ́. Sìkéèlì alámì iná kì í wọn ìwúwo gangan. Bí ilẹ̀ ṣe ń fa ẹrù tó ló ń wọ̀n. Ní London, òòfà ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 9.812, ní Èkó, 9.781. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n sìkéèlì tí wọ́n tò péye ní London, tí a gbé dé Èkó láìtún un tò, yóò kọ nǹkan bíi kílò 9.968 fún kílò 10. Gíráàmù 32 ló pòórá, olùtajà ló sì ń pàdánù rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá wọn ọjà. Kì í ṣe pé sìkéèlì bàjẹ́. Irin ìwọ̀n tó dára ni a ó fi tún un tò níbi tí a ó ti lò ó. Sìkéèlì alápá méjì ayé àtijọ́ kò ní wàhálà yìí, nítorí bí ilẹ̀ ṣe ń fa ẹrù náà ló ṣe ń fa irin.

Ní ilé epo, agolo ìdánwò onílítà 20 ni òdiwọ̀n. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní gíláàsì àti àmì mìlílítà lókè àti nísàlẹ̀ ìlà 20. Páńpù epo ní àyè ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mìlílítà 100 lórí lítà 20. Agolo tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju mìlílítà 10 lọ ni mo máa ń béèrè fún. Kẹ́ẹ̀gì rọ́bà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: ó ń fẹ̀, ó ń sún kì, epo tó ń ṣàn sì máa ń kó iná mànàmáná jọ sára rọ́bà, ẹ̀ta-iná kan ti tó láti jó ilé epo run. Agolo irin pàápàá, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, kí ẹnu nọ́súlù sì kan irin rẹ̀ kí epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Agolo náà kì í wúlò ní gbígbẹ. Wọ́n ti tò ó sí iye tí yóò dà jáde, kì í ṣe iye tó gbà. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fa lítà 20 sínú rẹ̀, ẹ dà á nù sínú táǹkì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 lẹ́yìn tí ìṣàn ti di ẹ̀kán kó tó di pé ẹ gbé e dìde. Epo díẹ̀ tó kù lára irin wà nínú ìṣirò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agolo gbígbẹ yóò rò pé páńpù ń dín epo kù. Ẹni tó kánjú tó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré yóò rò pé ó ń fi kún un. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wo omi ìdọ́gba, ẹ fa epo ní ìyára kíkún lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì fa á díẹ̀díẹ̀ nígbà kejì, torí páńpù kan lè péye ní ìyára kan kó má péye ní èkejì. Ẹ jẹ́ kí ìfòfó rọlẹ̀. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú epo. Ìsàlẹ̀ ibi tí epo ti tẹ̀ kòtò ni ẹ ó kà.

Ooru ló ń fa ìjà jù. Epo bẹntiróòlù ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 0.12 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì Celsius kan. Lórí lítà 20, mìlílítà 24 nìyẹn. Tí agolo bá ti ya oòrùn tó gbóná, tí epo tó ti abẹ́ ilẹ̀ wá bá sì fi dígírì méjì péré gbóná sí i nínú rẹ̀, páńpù tó dín mìlílítà 120 kù yóò dà bíi pé 72 ló dín kù, wọn yóò sì ní ó yege. Ẹ tọ́jú agolo síbi òjìji, kí ẹ sì kà á lójú ẹsẹ̀. Agolo irin tí kì í dípẹtà náà ń fẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: láti 20°C sí 32°C, mìlílítà 11 àti díẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló máa sọ ooru tí wọ́n fi tò ó.

Ibi tí agolo bá ti tẹ̀ kòtò, àyè inú rẹ̀ ti dín kù. Páńpù oníjìbìtì yóò sì dà bí olóòótọ́ lójú rẹ̀. Láti mọ̀ kí ìwé ẹ̀rí tó pé ọdún, omi ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, lórí sìkéèlì tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1. Ẹ fi omi rin agolo, ẹ dà á nù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ fi omi tó mọ́ kún un dé ìlà, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ dà á nù bí ti àkọ́kọ́, ẹ gbé agolo òfìfo padà sórí sìkéèlì, kí ẹ sì gbé irin onikílò 20 tó péye sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 28°C, lítà 20 omi nínú afẹ́fẹ́ yóò fi nǹkan bí gíráàmù 96 fúyẹ́ ju irin náà lọ. Tí agolo bá jẹ́ lítà 20 ní 20°C, ìfẹ̀sí rẹ̀ yóò sọ ìyàtọ̀ náà di nǹkan bíi 88. Tí ẹ bá rí 130, agolo ti pàdánù nǹkan bíi mìlílítà 42, kò sì yẹ kó dé ilé epo mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí omi tó bá kù yóò wọ inú táǹkì.

Lórí aṣọ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Yáàdì kan jẹ́ mítà 0.9144. Téèpù rọ́bà ń gùn bí wọ́n ṣe ń fà á. Ọ̀pá irin kan tó ní ìwé ẹ̀rí tó láti fi yẹ gbogbo téèpù ilé ìtajà wò, èyí tó bá sì ti gùn, ẹ gé e sọnù. Ti kóńgò, a lè fi omi mọ àyè inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òdiwọ̀n tó lè yẹ òkìtì tó wà lórí rẹ̀ wò. Sìkéèlì ni ìdáhùn rẹ̀.

Tí agbára bá gbé e, ẹ ní irin méjì-méjì: ọ̀kan ń jáde, èkejì ò jáde nílé. Lóṣooṣù, ẹ gbé méjèèjì sórí sìkéèlì kan náà, ẹ kọ ìyàtọ̀ wọn sínú ìwé. Iye yẹn kò gbọdọ̀ máa rìn. Tó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ sápá kan, ìwúwo èyí tó ń jáde ló ń yí padà, ẹ má sì dúró de ọdún tó kàn kí ẹ tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èyí tó bá jábọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí àpá lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpótí lọ́jọ́ náà, ẹ fi okùn so páálí mọ́ ọn pẹ̀lú ọjọ́ tó jábọ́, kí ẹ sì tì í mọ́ ibòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e jáde nígbà tí ẹ kò sí nílé.